Ẹ yí ike yẹn padà: bí ẹ ṣe lè ka èròjà inú ìpara, kẹ́ ẹ sì fi méjì wéra

Mo ra ìpara kan nígbà kan torí pé wọ́n ya ewé aloe tútù yọ̀yọ̀ síwájú ike ẹ̀. Kò tíì pé ọ̀sẹ̀ méjì tí ojú ti ń ta mí, ó ń yún mí, awọ ń ṣí wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ imú. Ìgbà tí mo wá yí ike yẹn padà tí mo ka ẹ̀yìn ẹ̀ fínnífínní ni mo rí i pé aloe tí mo torí ẹ̀ sanwó wà nísàlẹ̀ pátápátá, lẹ́yìn lọ́fínńdà, lẹ́yìn àwọn kẹ́míkà tí kì í jẹ́ kó bàjẹ́, ṣùgbọ́n Alcohol Denat., ìyẹn ọtí tó máa ń gbẹ awọ, òun ló jókòó sípò kejì. Ó dùn mí, torí kò séyìí tí wọ́n fi pa mọ́ fún mi níbẹ̀. Gbogbo ẹ̀ ni wọ́n kọ sílẹ̀, mi ò kàn mọ̀ ọ́n kà ni.

Bí wọ́n ṣe ń kà á ni mo fẹ́ fi hàn yín. Iwájú ike, ọ̀rọ̀ ẹni tó ń tajà ló wà níbẹ̀, ẹ̀yìn ike lẹ ti máa rí ohun tẹ́ ẹ fẹ́ rà gan-an. Kò dìgbà tẹ́ ẹ bá kọ́ kẹ́mísírì kẹ́ ẹ tó lè kà á, ẹ ṣáà mọ ibi tẹ́ ẹ máa wò àti ìbéèrè tẹ́ ẹ máa bi í.

Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ wá àtòkọ èròjà

Ó sábà máa ń wà lẹ́yìn ike tàbí lẹ́gbẹ̀ẹ́ páálí, lábẹ́ ọ̀rọ̀ náà "Ingredients". Bí ike bá kéré, ara páálí nìkan ni wọ́n lè kọ ọ́ sí, nítorí náà ẹ fi fóònù ya fọ́tò ẹ̀ kẹ́ ẹ tó ju páálí nù. Lẹ́tà ibẹ̀ máa ń wẹ́ gan-an, tẹ́ ẹ bá ti yà á tán ẹ fẹ̀ ẹ́ lójú fóònù, ìyẹn ló rọrùn jù.

Tí ò bá wá sí àtòkọ kankan ńkọ́? Ẹ fi í sílẹ̀ níbi tó wà. Mi ò fi èyí ṣeré rárá. Ìpara tí wọ́n pò pọ̀ sínú ike lásán, tí ẹni tó pò ó kàn ń sọ pé "ó máa dán, ó máa mọ́", ẹ ò lè fi wé nǹkan kan torí ẹ ò mọ ohun tó wà nínú ẹ̀. Màá padà sórí ohun tí wọ́n máa ń bá nínú irú wọn.

Orúkọ tẹ́ ẹ máa rí níbẹ̀ lè kọ́kọ́ dẹ́rù bà yín, Látìn ló pọ̀ nínú ẹ̀. Ètò ìsọrúkọ kan wà tí wọ́n ń pè ní INCI, òun ni ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ń lò kí èròjà kan náà lè máa jẹ́ orúkọ kan náà níbi gbogbo. Tẹ́ ẹ bá wò ó dáadáa, ẹ ti mọ púpọ̀ nínú wọn tẹ́lẹ̀. Aqua ni omi. Butyrospermum Parkii Butter, òrí tá a mọ̀ náà ni. Cocos Nucifera Oil ni òróró àgbọn, Elaeis Guineensis Kernel Oil sì ni àdín. Petrolatum ni básẹ́líìnì. Tocopherol jẹ́ fítámì E, Niacinamide jẹ́ fítámì B3, Ascorbic Acid jẹ́ fítámì C. Parfum tàbí Fragrance, lọ́fínńdà ni. Tẹ́ ẹ bá sì rí CI tí nọ́ńbà márùn-ún tẹ̀ lé, aró ni wọ́n fi pa á láwọ̀.

Ìgbésẹ̀ 2: Ẹ wo ipò tí èròjà kọ̀ọ̀kan wà

Èyí tó pọ̀ jù ló ń ṣíwájú, èyí tó pọ̀ ṣìkejì á tẹ̀ lé e, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí á fi dórí àwọn tí ò tó 1%. Àwọn tí ò tó 1% yìí, ẹni tó ṣe é lè tò wọ́n bó ṣe wù ú, àwọn aró ló sì sábà máa ń gbẹ̀yìn. Ìdí nìyẹn tí omi fi ń ṣáájú nínú ọ̀pọ̀ ìpara. Èròjà márùn-ún tàbí mẹ́fà àkọ́kọ́, àwọn yẹn gan-an ni ìpara yẹn, àwọn ló kó èyí tó pọ̀ jù nínú ike.

Wọn kì í fa ìlà síbi tí 1% ti bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n ọgbọ́n kan wà tí mo ń lò, mo máa ń wá Phenoxyethanol. Kẹ́míkà tí kì í jẹ́ kí ìpara bàjẹ́ ni, òfin Yúróòpù ò sì gbà kó ju 1% lọ. Tí wọ́n bá tẹ̀ lé òfin yẹn, gbogbo ohun tẹ́ ẹ bá rí lẹ́yìn ẹ̀ kò lè ju 1% lọ. Xanthan Gum, Carbomer àti Disodium EDTA náà máa ń tọ́ka síbi tó jọ ọ́, torí ìba díẹ̀ ni wọ́n ń fi sí ìpara. Nítorí náà, tí iwájú ike bá ń pariwo pé Niacinamide 5% ló wà nínú ẹ̀, tẹ́ ẹ wá bá Niacinamide lẹ́yìn Phenoxyethanol, iwájú àti ẹ̀yìn ò sọ ohun kan náà nìyẹn, ẹ dá a padà sórí pẹpẹ.

Àmọ́ ẹ má sáré sọ pé gbogbo ohun tó wà nísàlẹ̀ kò wúlò o. Retinol (ọ̀kan nínú ìdílé fítámì A) tí ò tó 1% máa ń ṣiṣẹ́, Sodium Hyaluronate àti ceramide náà, ìba díẹ̀ ló ń tó wọn. Lọ́nà kejì ẹ̀wẹ̀, lọ́fínńdà tí ò tó 1% lè mú kí ojú wú fún ẹni tí ara ẹ̀ kọ̀ ọ́. Torí náà, ipò tó wà nìkan ò tó, ẹ tún ní láti mọ iye tí èròjà yẹn nílò kó tó lè ṣiṣẹ́, ìyẹn ló gbé wa dé ìgbésẹ̀ tó kàn.

Ìgbésẹ̀ 3: Ẹ pín wọn sí iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe

Àwọn kan ń fa omi wá sínú awọ: Glycerin, Sodium Hyaluronate, Urea, Panthenol. Àwọn kan ń dí àlàfo tó wà láàárín awọ kó lè múlọ́múlọ́: òrí, oríṣiríṣi òróró, Squalane, ceramide. Àwọn kan sì ń dé e lórí kí omi má baà fò lọ, Petrolatum ni ọ̀gá nínú wọn, Dimethicone náà wà níbẹ̀. Ìpara tó máa tọ́jú awọ gbígbẹ dáadáa, ó yẹ kẹ́ ẹ rí nínú oríṣi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí nínú èròjà mẹ́fà tàbí méje àkọ́kọ́. Ẹni tí ojú ẹ̀ máa ń yọ òróró, Glycerin àti Dimethicone tó fúyẹ́ lè tó o, kò nílò òróró mẹ́ta lórí ara wọn.

Glycerin yìí, àwọn èèyàn máa ń fojú kéré ẹ̀ torí pé kò wọ́n. Èmi ò rí èròjà tó ń ṣiṣẹ́ láìyẹsẹ̀ tó o lórí awọ gbígbẹ, tí mo bá sì rí i ní ipò kejì tàbí ìkẹta, inú mi máa ń dùn.

Nǹkan méjì ló máa ń dẹ́rù ba àwọn èèyàn lásán níbí. Àkọ́kọ́ ni ọ̀rọ̀ "alcohol". Cetyl Alcohol, Cetearyl Alcohol, Stearyl Alcohol, ọ̀rá ni wọ́n o, wọ́n rọ̀, wọ́n ń mú kí ìpara ki, wọn kì í gbẹ awọ. Èyí tó ń gbẹ ẹ́ ni Alcohol Denat., Ethanol tàbí Isopropyl Alcohol, pàápàá tó bá wà lókè. Èkejì ni àwọn kẹ́míkà tí kì í jẹ́ kí ìpara bàjẹ́. Ìpara tó bá ní omi nínú tí ò ní irú ẹ̀, kòkòrò àìfojúrí á kún inú ẹ̀ láìpẹ́, ìyẹn sì léwu ju kẹ́míkà yẹn lọ. Òrí tàbí òróró tí ò lómi nínú rárá nìkan ló lè wà láìní í.

Ìgbésẹ̀ 4: Ẹ wá èròjà tó ń ṣiṣẹ́ tẹ́ ẹ torí ẹ̀ wá, àti iye ẹ̀

Kẹ́ ẹ tó wo ike, ẹ kọ́kọ́ mọ ohun tó ń yọ yín lẹ́nu. Ọ̀pọ̀ ló máa ń ra nǹkan mẹ́rin torí pé ẹnì kan yìn ín, láì bi ara wọn pé kí ni mo fẹ́ kó bá mi ṣe.

Tó bá jẹ́ ìrorẹ́ ni, Salicylic Acid 0.5% sí 2% máa ń wọnú ihò awọ lọ kó ohun tó dí i kúrò. Benzoyl Peroxide ń pa kòkòrò tó wà nídìí ìrorẹ́, wọ́n máa ń ṣe é ní 2.5%, 5% àti 10%, ẹ sì gbọ́ èmi, ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 2.5%, torí ìwádìí ti fi hàn pé ó ń ṣiṣẹ́ tó 10% lórí ìrorẹ́ tó ń wú, síbẹ̀ kì í gbẹ awọ tó bẹ́ẹ̀. Ẹ ṣọ́ aṣọ àti táwẹ́ẹ̀lì yín pẹ̀lú ẹ̀ o, ó ń bó àwọ̀ wọn dànù.

Tó bá jẹ́ àpá dúdú tí ìrorẹ́ fi sílẹ̀ ni, Niacinamide 2% sí 5% ni wọ́n ti yẹ̀ wò jù, ó sì rọra ń ṣe é. Mi ò rí ìdí tẹ́ ẹ fi máa lé 20% kiri, kì í ṣe pé tó bá pọ̀ ló máa ń ṣiṣẹ́ jù, ó kàn lè mú kí ojú máa ta ni. Azelaic Acid náà dáa, fún ìrorẹ́ àti fún àpá. Fítámì C tó jẹ́ Ascorbic Acid gan-an sábà máa ń wà láàárín 10% sí 20%, ṣùgbọ́n kì í pẹ́ bàjẹ́, afẹ́fẹ́ àti ìmọ́lẹ̀ ni ọ̀tá ẹ̀. Tó bá wà nínú ìgò tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà kọjá, ẹ fi sílẹ̀, tó bá sì ti di àwọ̀ búráùn, ó ti lọ nìyẹn.

Ìdílé fítámì A náà ń bẹ, àwọn tí wọ́n ń lò fún ìrorẹ́ àti fún awọ tó ń hun jọ. Agbára wọn ò dọ́gba: Retinyl Palmitate ni kò lágbára jù, Retinol tẹ̀ lé e, Retinal (wọ́n tún ń kọ ọ́ bíi Retinaldehyde) tún ju ìyẹn lọ, Tretinoin tó wà lókè pátápátá jẹ́ oògùn tí dókítà ní láti kọ fún yín ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè. Nítorí náà, ìpara méjì lè jọ máa sọ pé àwọn ní fítámì A, kẹ́ni tó ra ti Retinyl Palmitate máa retí iṣẹ́ Retinol títí. Aboyún, ẹ má lo ìkankan nínú ìdílé yìí.

Àwọn ásíìdì tí wọ́n ń pè ní AHA, bíi Glycolic Acid àti Lactic Acid, ń ṣí òkú awọ kúrò, ṣùgbọ́n ó ń jẹ́ kí oòrùn tètè jó èèyàn, àwọn onímọ̀ tó yẹ̀ ẹ́ wò ní Amẹ́ríkà sì ní kí èyí téèyàn ń lò nílé má ju 10% lọ, kí pH ẹ̀ (ìwọ̀n bí ásíìdì ẹ̀ ṣe le tó, bó bá ṣe kéré tó ló ṣe le tó) má sì kéré sí 3.5.

Gbogbo ohun tí mo kà sílẹ̀ yìí, òfo ló máa já sí fún àpá dúdú tí ò bá sí sunscreen, ìyẹn ìpara tó ń dí oòrùn, láàárọ̀, awọ dúdú náà nílò ẹ̀. SPF ni nọ́ńbà tó ń sọ bó ṣe ń dí UVB tó, ìyẹn ìtànṣán oòrùn tó ń jó awọ: SPF 15 ń dí nǹkan bí 93% ẹ̀, 30 ń dí nǹkan bí 97%, 50 ń dí nǹkan bí 98%, ẹ rí i pé láti 30 lọ sí 50 kò jìnnà tó bí nọ́ńbà ẹ̀ ṣe ń pariwo. Èyí tó ṣe pàtàkì jù ni kẹ́ ẹ wá "Broad Spectrum" tàbí UVA lára ẹ̀, tó fi hàn pé ó ń dí UVA, oríṣi ìtànṣán oòrùn kejì, náà, kẹ́ ẹ sì pa á kó tó, kẹ́ ẹ tún un pa lẹ́yìn wákàtí méjì tẹ́ ẹ bá wà nínú oòrùn. Tí Zinc Oxide àti Titanium Dioxide bá ń mú kójú yín funfun bí ẹfun, ẹ wá èyí tó ní CI 77491, 77492 àti 77499. Àwọn aró yẹn, irin tó dípẹtà ni, wọ́n ń bo funfun yẹn, wọ́n tún ń dí ìmọ́lẹ̀ tá à ń fojú rí tó máa ń mú kí àpá dúdú pẹ́ lára.

Ìgbésẹ̀ 5: Ẹ mọ àwọn tó yẹ kẹ́ ẹ sá fún

Ibí ni mo bẹ̀ yín kẹ́ ẹ ti fara balẹ̀ jù. Nínú àwọn ìpara tí wọ́n ń tà pé ó ń mú ara mọ́, nǹkan mẹ́ta kan wà tó ti ba awọ ọ̀pọ̀ èèyàn jẹ́.

Mẹ́kúrì ni àkọ́kọ́. Tí wọ́n bá tiẹ̀ kọ ọ́, orúkọ tẹ́ ẹ máa rí ni Mercury, Calomel, Mercurous Chloride, Mercuric Iodide, Ammoniated Mercury tàbí Mercurio. Ó ń ba kíndìnrín àti ọpọlọ jẹ́, ó sì ń ràn dé ọ̀dọ̀ àwọn tá a jọ ń gbé, ọmọ ọwọ́ tẹ́ ẹ gbé mọ́ra lè gbà á láti ara yín, láti ara táwẹ́ẹ̀lì àti aṣọ ibùsùn. Tẹ́ ẹ bá rí i lára ike pé kẹ́ ẹ má jẹ́ kó kan góòlù tàbí sílífà, àmì tó lágbára nìyẹn pé ó wà nínú ẹ̀.

Sítẹ́rọ́ọ̀dù ni èkejì: Clobetasol Propionate, Betamethasone, Fluocinonide. Oògùn gidi ni wọ́n lọ́wọ́ dókítà, fún àléfọ́ àti irú ẹ̀, fún ìgbà díẹ̀. Àmọ́ tẹ́ ẹ bá ń fi para lójoojúmọ́, awọ á fẹ́lẹ́, iṣan á máa hàn, ìlà á máa fà sí ara, ìrorẹ́ á sì yọ. Ẹni tó ti ń lò ó pẹ́, kó má kàn dédé jáwọ́ o, torí ojú lè pupa kó sì máa gbóná gan-an, ẹ lọ rí dókítà awọ kó bá yín dín in kù díẹ̀díẹ̀.

Hydroquinone ni ìkẹta. Yúróòpù ò gbà á nínú ìpara lásán, Amẹ́ríkà náà ti sọ ọ́ di ohun tí dókítà gbọ́dọ̀ kọ láti ọdún 2020. Lọ́wọ́ dókítà, fún oṣù díẹ̀, ó níṣẹ́ tó ń ṣe. Tẹ́ ẹ bá wá ń pa á lọ́dọọdún, awọ ibi tẹ́ ẹ fẹ́ kó mọ́ gan-an ló máa ṣú bí aṣọ tí wọ́n rẹ sínú aró, èyí sì ṣòro wò.

Ìpara tó bá yí àwọ̀ ara padà láàárín ọjọ́ mélòó kan, tí àtòkọ ẹ̀yìn ẹ̀ wá jẹ́ ewé àti òróró nìkan, kí ni ẹ rò pó ṣe iṣẹ́ yẹn?

Ìgbésẹ̀ 6: Ọ̀rọ̀ iwájú ike

Èyí ò gba àkókò. "Hypoallergenic" (pé kì í sábà mú kí ara kọ̀ ọ́) àti "Dermatologist Tested" (pé dókítà awọ ti yẹ̀ ẹ́ wò) kò ní ìwọ̀n kan pàtó tí òfin Amẹ́ríkà ní kí wọ́n dé kí wọ́n tó kọ ọ́. "Natural" náà bẹ́ẹ̀. "Unscented" lè túmọ̀ sí pé wọ́n fi lọ́fínńdà bo òórùn mìíràn mọ́lẹ̀, "Fragrance Free" lẹni tí ara ẹ̀ kọ lọ́fínńdà ní láti wá, kó sì tún wo ẹ̀yìn bóyá Limonene, Linalool, Citral tàbí Geraniol wà níbẹ̀, torí inú òróró ewé olóòórùn dídùn náà ni wọ́n ti ń wá.

Ìgbésẹ̀ 7: Ẹ fi méjì wéra

Ẹ jẹ́ ká gbà pé ìpara méjì ló wà níwájú yín, àwọn méjèèjì ní àwọn ń tọ́jú awọ gbígbẹ pẹ̀lú fítámì B3.

Àkọ́kọ́: Aqua, Glycerin, Cetearyl Alcohol, Petrolatum, Niacinamide, Dimethicone, Ceramide NP, Phenoxyethanol, Xanthan Gum.

Èkejì: Aqua, Alcohol Denat., Paraffinum Liquidum, Glyceryl Stearate, Parfum, Phenoxyethanol, Niacinamide, Aloe Barbadensis Leaf Juice, Limonene, Linalool, CI 19140.

Ẹ kà wọ́n tẹ̀ léra. Àkọ́kọ́ ní ohun tó ń fa omi ní ipò kejì, ó ní ohun tó ń dé e lórí, Niacinamide ẹ̀ sì ṣíwájú Phenoxyethanol, kò sí lọ́fínńdà. Èkejì, ọtí ló tẹ̀ lé omi, lọ́fínńdà pọ̀ ju Niacinamide lọ, Niacinamide àti aloe ò lè ju 1% lọ, ó tún wá ní aró yẹ́lò. Tí èkejì bá wá wọ́n ju àkọ́kọ́ lọ ńkọ́? Ike àti òórùn lẹ sanwó fún nìyẹn. Tó bá wá jẹ́ pé àtòkọ méjèèjì jọra dé èròjà kẹfà tàbí ìkeje, ẹ pín owó kọ̀ọ̀kan sí iye mílílítà tó wà nínú ẹ̀, kẹ́ ẹ mú èyí tó dín owó.

Àtòkọ ò lè sọ gbogbo ẹ̀ fún yín o. Kò ní sọ iye pàtó, kò ní sọ pH, méjì tí wọ́n kọ bákan náà lè yàtọ̀ lára. Ẹ wo ike náà, èyí tí wọ́n ń tẹ̀ kó jáde máa ń pa fítámì C àti Retinol mọ́ ju ike olómọrí ńlá tí gbogbo ìka ń wọ̀ lọ. Ẹ tún wo àwòrán ike tó ṣí ìdérí tí wọ́n kọ 6M tàbí 12M sí, oṣù tó lè lò lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ti ṣí i nìyẹn.

Ìgbésẹ̀ 8: Ẹ dán an wò, kẹ́ ẹ sì pa àtòkọ mọ́

Ẹ pa díẹ̀ sí inú ìgbọ̀nwọ́ lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ fún ọjọ́ méje sí mẹ́wàá kẹ́ ẹ tó gbé e dójú. Ohun tuntun kan lẹ́ẹ̀kan. Tẹ́ ẹ bá bẹ̀rẹ̀ mẹ́ta lọ́jọ́ kan náà tí ojú wá wú, èwo lẹ máa sọ pó fà á?

Ẹ wá ṣí álíbọ́ọ̀mù méjì sórí fóònù yín, ọ̀kan fún fọ́tò àtòkọ àwọn tó bá yín lára mu, ọ̀kan fún àwọn tó ta yín, tó yún yín. Èmi rò pé ọtí tó wà nípò kejì ló fìyà jẹ mí nínú ìpara aloe yẹn, mo sì gbà bẹ́ẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Àfìgbà tí ọṣẹ olómi kan àti wáípù kan tún ṣe mí bákan náà, wọn ò lọ́tí nínú. Mo to fọ́tò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta síwájú, mo ń fi ìka tọ orúkọ lọ́kọ̀ọ̀kan, orúkọ kan ṣoṣo tí mo fura sí ló wà nínú gbogbo wọn: Methylisothiazolinone, ọ̀kan nínú àwọn kẹ́míkà tí kì í jẹ́ kí ìpara bàjẹ́, èyí tí Yúróòpù ti ní kí wọ́n má fi sínú ìpara téèyàn kì í fi omi ṣàn kúrò mọ́. Mo gbé fọ́tò yẹn lọ fún dókítà awọ, ó lẹ ìba díẹ̀ lára oríṣiríṣi èròjà mọ́ mi lẹ́yìn fún ọjọ́ méjì láti fi yẹ̀ mí wò, ibi tí orúkọ yẹn wà nìkan ló pupa. Ní báyìí, orúkọ yẹn ni mo máa ń kọ́kọ́ wá tí mo bá ti yí ike padà.